Bíréèkì Tó Ń Ké Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè yà mí lẹ́nu ní Kumasi yìí. Èmi ni Sùwéébátù, ọmọ Bákàrè tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní Fante New Town láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní mẹkáníìkì lónìí kò tíì mọ̀ pé táyà ń jò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí mi sí, àárín sípóòkì àti ṣéènì ni mo ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ní kí n ta ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ máa ta aṣọ bíi obìnrin ẹgbẹ́ mi. Mo ní kí wọ́n lọ ta fìlà orí wọn. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Hamdia, ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti parí ilé-ìwé, kò tíì ríṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ á tàn bí ẹni pé wọ́n tún un bí. Mo ra kẹ̀kẹ́ olókè kan fún un, tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta. Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe ti ayé àtijọ́ tó máa ń fún etí táyà. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín táyà, tó ń dán bíi dígí. Ẹnu irin kan tí à ń pè ní kàlípà wà létí àwo náà, páàdì méjì sì wà nínú ẹnu ọ̀hún bí eyín. Bí o bá fa ọwọ́ bíréèkì, wáyà á fa kàlípà, páàdì á bu àwo jẹ, kẹ̀kẹ́ á dúró. Kì í lo omi bíréèkì bíi ti mọ́tò, wáyà lásán ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ojú mi bá rí, ọwọ́ mi á tún un ṣe.

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan mú Hamdia fún ìdíje sísọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó wà lọ́nà Mampong. Obìnrin tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, wọ́n á mú un kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ fún gbogbo Asante. Ọmọ náà kò sùn mọ́, kò jẹun mọ́, òkè ṣáá ni. Mo bá a yọ̀, kí n má parọ́. Mo ti ń rí i nínú aṣọ ìdíje kí wọ́n tó rán an.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà Asafo, ó fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ pa, kò sì dúró. Ó yà fún tírótíró akérò kan, ó wọ inú àtẹ tòmátì ìyá kan lọ gbirigbiri. Àánú Ọlọ́run ni pé orúnkún nìkan ló bó. Ìyá olótòmátì tẹ̀lé e délé, ó ń fi èdè Twi pariwo pé ẹ̀mí èṣù ló wà nínú kẹ̀kẹ́ náà. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ohun tó burú jù ni pé ìyá mi náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá mi ṣe jẹ́. Àlájà Àmọ̀pé lòun, òun ló ni ilé tí à ń gbé, òun ló sì tọ́ Hamdia dàgbà nígbà tí mo ń sá sókè sódò nítorí ọjà. Kì í pariwo. Bí ó bá ti fi tẹ̀súbáà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí kóòtù tó lè yí i padà. Lọ́jọ́ yẹn ó wo orúnkún ọmọ, ó fi tẹ̀súbáà sílẹ̀.

Ó ní, "Sùwé, gbọ́ mi. Bí ó bá di Jímọ̀ tó ṣáájú ìdíje yìí tí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì ń ké, tí kò dúró níbi tí ọmọ mi bá ní kó dúró, kò ní lọ. Mi ò ní fi ọmọ ra orúkọ."

Hamdia bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bíréèkì wo ló máa borí mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà. Bí wáyà bá ti dẹ̀, ọwọ́ bíréèkì á máa lọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fà á le, mo yí nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó le dáadáa, síbẹ̀ ó ké. Mo tú bóòtù tó di kàlípà mú, mo fa ọwọ́ bíréèkì kí ẹnu rẹ̀ lè bọ́ sójú àwo gan-an, mo tún un dè. Ó ké. Mo gbé ojú sún mọ́ àwo náà, mo yí táyà, mo wò ó bóyá ó wọ́. Kò wọ́. Níkẹyìn mo ju páàdì rẹ̀ nù, mo fi tuntun sí i, mo sì nu àwo náà mọ́. Kíá, ariwo tán. Hamdia fà á díẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró pa síbẹ̀ bí ìbaaka tó kọ̀. Mo wo ìyá mi, mo gbé èjìká sókè. Ẹnu mi gùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ geere. Jímọ̀ dé, Hamdia jáde lẹ́yìn ìrun, ó padà dé pẹ̀lú ojú tó rọ. Kẹ̀kẹ́ ti tún ń ké. Mo fa bíréèkì fúnra mi, ó ń yọ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀.

Hamdia ní, "Mama, ó dà bíi pé kẹ̀kẹ́ yìí ti gba ẹ̀sìn. Jímọ̀ nìkan ló máa ń pe ìrun."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gba ọjà Kejetia lọ, mo bá ẹni tó ta páàdì fún mi, mo fi èdè mẹ́ta bú u níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó búra wallahi pé páàdì òun kò ní àléébù. Mo ní kí ó lọ fi búra fún àwọn tí kò mọ nǹkan. Síbẹ̀ náà, mo tún ra òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó ń ta irú rẹ̀.

Adésànmí ló wá bá mi nígbà tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, òun náà ló ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ jọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó mú páàdì tí mo yọ, ó fi ìka ra ojú rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, òróró ti kan èyí o. Bí òróró bá ti wọ inú páàdì, fífọ̀ kò lè yọ ọ́ mọ́. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ń da òróró síbẹ̀."

Áà! Inú bí mi. "Òróró? Nínú ilé Bákàrè? Ìwọ ọmọ àná, o wá sọ fún mi pé wọ́n ń da òróró sí bíréèkì nínú ilé tí wọ́n ti ń ta bíréèkì kí wọ́n tó bí bàbá rẹ? Ta ni ó ń dà á? Èmi?"

Ó ní, "Àǹtí, mi ò bú yín."

"Máa lọ. Ọlọ́run á fún ọ ní ìyàwó tó máa gba ìsọkúsọ."

Ó kí mi, ó lọ. Mo fi páàdì tuntun sí i, bíréèkì tún dára, mo sì rò pé mo ti ṣẹ́gun. Kò sí ẹni tó tún ronú kan òróró.

Jímọ̀ tó ṣáájú ìdíje wá dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ilé wa máa ń ta sánsán. Ìyá mi ní tùràrí olóróró, irú èyí tí wọ́n ń bù sínú ìgò kékeré tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí. Ó máa ń fi ra etí aṣọ tiwa, ó máa ń fi ra irọ̀rí, ó máa ń fi ra ilẹ̀kùn. Mo ti wọṣọ tán láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ìrun tó tó, mo rántí pé mo gbàgbé fóònù sí ẹ̀yìnkùlé. Mo yà síbẹ̀.

Ìyá mi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Hamdia. Ó fi ọwọ́ kan gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ó ń yí i jẹ́jẹ́. Òwú wà lọ́wọ́ kejì rẹ̀, tùràrí ń kán lára òwú náà, ó ń fi pa àwo irin dídán yẹn yípo yípo. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń ṣàdúrà. Ó ń pe orúkọ ọmọ mi sí i.

Mo ké. Mi ò ké mọ́ ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ìyá! Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Hamdia sáré jáde láti yàrá. Mo ń na ìka sí àwo náà, mo ń pariwo pé ibẹ̀ ni bíréèkì wà, pé ibẹ̀ gan-an, pé òun ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé òun ló jẹ́ kí ọmọ wọ inú àtẹ tòmátì. Mo sọ ọ́ tán kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá mi ní, "Bàbá rẹ ló kọ́ mi."

Kò pariwo. Ó ní, "Àárín táyà ni wọ́n ti máa ń fún kẹ̀kẹ́ lóróró. Gbogbo Jímọ̀, kí ó tó lọ kírun, mo máa ń bá a ṣe é. Ihò kékeré máa ń wà níbẹ̀ nígbà náà. Èyí kò níhò, mo ní bóyá ara irin yìí ni wọ́n ń fi pa. Mo ní òróró lásán kò tó fún ọmọ mi, kí n fi èyí tí mo fi ń kírun ṣe é, kí n sì bá a tọrọ ààbò."

Òótọ́ ló sọ. Kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ níhò láàárín táyà, èmi náà ti da òróró sí i láìmọye ìgbà. Ibi tí bàbá mi ní kí wọ́n tọ́jú ni ìyá mi tọ́jú. Kẹ̀kẹ́ ló yí padà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Tẹ̀súbáà rẹ̀ ló gbàgbé sórí àpótí, ẹni tí kì í gbàgbé rẹ̀.

Hamdia ń wò mí. Ó ní, "Mama, ó tán nìyẹn? Mi ò ní lọ mọ́?"

Mo ní, "Ta ló sọ pé ó tán?" Ṣùgbọ́n kò sí páàdì kankan mọ́ nílé, ó sì ti tán lọ́wọ́ ẹni tí mo bú ní Kejetia. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lo irú rẹ̀. Ẹ gbà mí. Mo mú fóònù, mo pe Adésànmí.

Mo ní, "Òróró ni."

Bí ó bá rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá ti gé ìpè náà. Ó ní, "Àǹtí, mi ò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ́la, èmi ni mo máa dúró níbi tí eré máa parí sí. Màá yọ ti ara kẹ̀kẹ́ mi, mo ń bọ̀." Ọmọ dáadáa. Mo gba àdúrà burúkú tí mo ṣe fún un padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo wá lọ kan ilẹ̀kùn ìyá mi. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, kò tíì wọ aṣọ ìrun. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ó foríjì mí fún ariwo tí mo pa.

Ó ní, "Fi ariwo sílẹ̀. Dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo ti fẹ́ẹ́ pa Hamdia?"

Mo lè parọ́. Mo lè ní páàdì ni, mo lè ní ẹni tó tà á ni. Àmọ́ bí mo bá parọ́, Jímọ̀ mìíràn á tún dé, ìfẹ́ rẹ̀ á tún mú ìgò. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni."

Omijé já bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ó sunkún láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi. Ó dùn mí dé egungun. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n lọ tún kẹ̀kẹ́ ọmọ ṣe.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Adésànmí kó páàdì rẹ̀ dé. Mo yọ táyà méjèèjì. Mo fi sípíríìtì àti aṣọ funfun tí kò tíì kan ohunkóhun nu àwo náà, mo nù ún, mo tún un nù, títí aṣọ fi ń jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìka kàn án, ìka èèyàn náà ní ọ̀rá. Mo nu inú kàlípà. Mo fi páàdì sí i, mo tún ẹnu rẹ̀ gbé sójú àwo, mo fa wáyà le. Adésànmí ń di kẹ̀kẹ́ mú fún mi, kò dá mi lẹ́kọ̀ọ́ kankan, èmi náà kò bú u.

Páàdì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sára àwo mìíràn kì í bu ú jẹ lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti fi ara ha á kí wọ́n tó mọ ara wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ká aṣọ sókè, tí mo gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa. Mo sáré, mo fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀, mo tún sáré. Efua tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́ńkè lódìkejì pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo, "Ei, Maame Suweba!" Mo ní kó mójú tó kẹ́ńkè rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ń dúró láìké. Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo mọ ìgbà tó bá ti dára.

Mo yíjú, mo rí ìyá mi. Ó ti jáde. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, láàárín ọ̀nà gan-an. Ó kọjú sókè sí Hamdia tó ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Kó sáré bọ̀ bí yóò ṣe sáré lọ́la."

Mo ní, "Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà! Mo ti dán an wò."

"Ìwọ dán an wò. Èmi ni mo dájọ́ fún un, èmi ni mo sì ń ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí kò bá dúró, kò yẹ kó jẹ́ ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ kọlù." Ó wò mí lójú. "Tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò dá ọ lójú, Sùwé?"

Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo fi ọkàn ka gbogbo bóòtù tí mo dè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ọkàn fa wáyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Adésànmí ń mi orí pé rárá. Efua ti fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ mi fi kẹ̀kẹ́ tí kò dá mi lójú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Mo gbé ohùn sókè. "Hamdia! Máa bọ̀!"

Ọmọ náà ń sunkún. "Mama, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é. Màmá àgbà nìyẹn!"

Ìyá mi ké sí i láti ìsàlẹ̀. "Ṣé kí n wá gùn ún fún ọ ni? Máa bọ̀, ọmọ mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Kẹ̀kẹ́ ṣí. Ó sáré kọjá lára mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá mi lójú, ó ń sáré sí i, ìyá mi kò mira, kò di ojú, ó kàn di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mo ti ń pariwo "Fà á!" ṣùgbọ́n Hamdia ti fà á. Kò sí igbe. Ìró táyà lórí erùpẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Kẹ̀kẹ́ dúró pa, iwájú táyà rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ lọ sí ìró ìyá mi.

Hamdia kò lè sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá mi jẹ́ kí ọ̀pá bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, nígbà náà ni mo wá rí i pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ó gbé orí sún mọ́ ti ọmọ.

Ó ní, "Lọ́la, má máa fa bíréèkì ṣáá o. Jẹ́ kó sáré."